Ṣé gbogbo “-ize” Gẹ̀ẹ́sì ló ń di “-izar” ní èdè Sípéènì?

ÌBÉÈRÈ OLÙKÀ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ń kọ́ èdè Sípéènì lọ́wọ́, mo sì ṣàkíyèsí pé “organize” ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní “organizar”, “modernize” ni “modernizar”, “civilize” sì ni “civilizar”. Ó jọ pé ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ èyí fún olùkọ́ mi, ó ní kí n má gbára lé e, pé yóò dójú tì mí lọ́jọ́ kan. Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé òfin ni ọ̀rọ̀ yìí àbí kì í ṣe òfin? Bí kì í bá ṣe òfin, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán? Ẹ sì tún bá mi yanjú èyí: èwo nínú “-ise” àti “-ize” ni kí n fi wé ti Sípéènì? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé ni pé “-ise” ló tọ̀nà, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń kọ “z”.

* * *

ÌDÁHÙN

Ohun tí ẹ ṣàkíyèsí, òótọ́ ni. Orísun kan ṣoṣo ni “-ize” àti “-izar” ti wá. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ní àfòmọ́ ìparí kan, “-izein”, tí wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe kí ó lè di ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí àwọn ará Páṣíà, tí àwọn Gíríìkì sábà máa ń pè ní ará Mídíà, gbógun wá bá wọn, “medizein” ni wọ́n fi pe ìwà àwọn Gíríìkì tó lọ gbè sẹ́yìn ọ̀tá. Àwọn Kristẹni ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ló kó àfòmọ́ yìí wọ inú èdè Látìn nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé mímọ́ wọn: “baptizein” di “baptizare”. Láti inú Látìn ló ti di “-iser” lẹ́nu àwọn Faransé, tó sì di “-izar” lẹ́nu àwọn ará Sípéènì. Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan lọ́wọ́ Faransé, ó sì mú apá kan tààrà láti inú Látìn.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rọ̀ ìsìn fi bára mu tó bẹ́ẹ̀: “baptize” ni “bautizar”, “evangelize” ni “evangelizar”, “catechize” ni “catequizar”, “scandalize” ni “escandalizar”. Àwa náà kò gbẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn kan náà ló wà nínú “baptisi” tí a ń kà nínú Bíbélì Yorùbá. Yorùbá kò ní ìró “z”, ìyẹn ló jẹ́ kó di “s” lẹ́nu wa.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti ìrísí ọ̀rọ̀ ni ẹ ń béèrè, ó sún mọ́ òfin. Bó bá jẹ́ ti ìtumọ̀ ni, olùkọ́ yín kò purọ́.

* * *

LÓRÍ “S” ÀTI “Z”

Ọ̀pọ̀ olùkà ló ti dá sí i, èrò tó sì pọ̀ jù láàárín wọn ni pé “z” jẹ́ ti Amẹ́ríkà, “s” jẹ́ ti Ìlú Ọba. Mi ò fara mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Ìlú Ọba fúnra wọn ti ń fi “z” kọ ọ́, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford sì ń kọ “organize” àti “baptize” títí di òní, nítorí wọ́n ní “z” ló wà nínú orísun rẹ̀ ní Gíríìkì. “S” jẹ́ àṣà àwọn Faransé, èyí tó wá gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ohun tí a lè sọ láìṣìnà ni pé Amẹ́ríkà kì í kọ “organise”, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ń kọ méjèèjì. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé ló yan ọ̀kan, àwọn olùkọ́ wa sì sọ ọ́ di òfin.

Sípéènì ní tirẹ̀ kò ní irú àríyànjiyàn yìí. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń bójú tó èdè wọn, Real Academia Española, ti wà láti 1713, àkọtọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà: “organizar”, “modernizar”, “utilizar”. Ẹni tó bá kọ “organisar” ti ṣìnà, ì báà jẹ́ ní Madrid, ì báà jẹ́ ní Bogotá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbí tó wúlò ju àríyànjiyàn náà lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi “z” kọ níbikíbi láyé, kódà ní Amẹ́ríkà: “revise”, “supervise”, “televise”, “improvise”. Ẹ wo ti Sípéènì: “revisar”, “supervisar”, “televisar”, “improvisar”. “S” ni gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò bá “-izein” tan rárá. Látìn ni wọ́n, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí rírí ni wọ́n ti jáde, “s” yẹn sì jẹ́ ara gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gba “z”, ẹ má ṣe retí “-izar”. “Advertise” ni “anunciar”, “surprise” ni “sorprender”, “despise” ni “despreciar”. “Advise” ni “aconsejar”, nítorí pé “avisar” tó jọ ọ́ jẹ́ kí a ta ẹnìkan lólobó tàbí kí a kìlọ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀ ni “analyse” àti “paralyse”. Àwọn wọ̀nyí kò ní “-izein” nínú. “Lyein” ti Gíríìkì, tó túmọ̀ sí títú nǹkan, ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni Oxford ṣe kọ “organize” ṣùgbọ́n tó kọ “analyse”. Sípéènì kò wo ìyẹn, ó kó wọn mọ́ àwọn yòókù: “analizar”, “paralizar”.

* * *

ÀFIKÚN KÚKÚRÚ LÓRÍ ÀKỌTỌ́

Nínú iṣẹ́ àwọn tí mò ń kọ́, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni “organizé”. Sípéènì kì í sábà fi “z” síwájú “e” tàbí “i”. “C” ló ń gba ipò rẹ̀. “Yo organizo” ni lónìí, “yo organicé” ni lánàá. Ìpè rẹ̀ kò yí padà. Ní Látìn Amẹ́ríkà, ìró “s” ni méjèèjì, èyí tó rọrùn fún ahọ́n Yorùbá. Ní apá tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n ń fi orí ahọ́n kan eyín pè é.

* * *

OLÙKÀ MÌÍRÀN LÓDÌ SÍ I

Olùkà kan kọ̀wé pé òun ti ń gbé ní Barcelona fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé òun kàn ń fi “-ar” sí ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ òun yé. Ó ní àwa olùkọ́ ń sọ ohun tó rọrùn di líle.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹni tó gbọ́ yín lè gbọ́ ohun tí ẹ kò sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ fẹ́ kó kúrò nílé tó háyà. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ìyá onílé rẹ̀ pé ìpinnu náà ń dá òun lóró, pé òun kò rí oorun sùn nítorí rẹ̀, ó sì rántí “agonize” ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ “Estoy agonizando”. Kíá ni ìyá náà pè é lórí fóònù, tó ń béèrè ilé ìwòsàn tó wà. Ní èdè Sípéènì, ẹni tó bá ń “agonizar” ń pọ̀kàkà ikú ni. Ní Gíríìkì, ìjàkadì àwọn tó ń díje nínú eré ìdárayá ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Gẹ̀ẹ́sì mú ìdálóró ọkàn nínú rẹ̀, Sípéènì mú ìjàkadì ìgbẹ̀yìn.

“Simpatizar” náà wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ bá ẹni tí òfò ṣẹ̀ kẹ́dùn, a kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ èèyàn kan wọ̀ pẹ̀lú tiwa, tàbí pé a fara mọ́ ẹgbẹ́ kan. Lọ́jọ́ òfò, “dar el pésame” ni wọ́n ń sọ.

* * *

BÍ MO ṢE Ń DÁN AN WÒ

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ ní báwo ni ẹ ṣe máa mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán. Mo rí ọ̀nà kan nínú èdè tiwa, òun ni mo sì fi ń kọ́ni.

Yorùbá kò ní irú àfòmọ́ ìparí yìí, ṣùgbọ́n a ní “sọ di”. Iṣẹ́ tí “-izein” ń ṣe gan-an nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Bí “sọ di” bá jáde wẹ́rẹ́, tí ohun tó sì tẹ̀lé “di” náà jẹ́ ìtumọ̀ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, “-izar” fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. “Modernize” ni kí a sọ nǹkan di ti òde òní: “modernizar”. “Privatize” ni kí a sọ ọ́ di ti aládàáni: “privatizar”. “Nationalize” ni kí a sọ ọ́ di ti ìjọba: “nacionalizar”, ohun tí ìjọba Kúbà ṣe sí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní 1960.

Bí “sọ di” bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ dúró, kí ẹ yẹ ìwé atúmọ̀-èdè wò. “Apologize” jẹ́ kí a tọrọ àforíjì. “Pedir disculpas” ni, kò sí “apologizar” nínú Sípéènì tó gúnmọ́, “apología” tó jọ ọ́ sì jẹ́ ìgbèjà tàbí ìyìn nǹkan, tó sì máa ń jẹ́ nǹkan búburú nígbà púpọ̀. “Criticize” jẹ́ kí a bẹnu àtẹ́ lu nǹkan, “criticar” ni. “Recognize” jẹ́ kí a dá èèyàn mọ̀. “Reconocer” ni, nítorí pé ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, “-ize” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ti Gíríìkì wá rárá.

Ẹ wá wo “realize”, nítorí òun ló ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú jù. Ó ní ojú méjì ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan bá sọ àlá rẹ̀ di òtítọ́, “sọ di” jáde, “realizar un sueño” sì tọ̀nà. Bí ọ̀ràn kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èèyàn, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fura, “sọ di” kò sí níbẹ̀. “Darse cuenta” ni. Lórí fọ́ọ̀mù ìjọba àti ní báǹkì, ẹ ó rí “realizar el pago” lójoojúmọ́: kí ẹ san owó náà ni, kò sí ọ̀rọ̀ ìfura nínú rẹ̀.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, n kò ní fi pamọ́. “Organize” jẹ́ kí a ṣètò, “sọ di” kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ “organizar” tọ̀nà. Ohun tí ọ̀nà yìí ń ṣe ni pé ó ń sọ ibi tí ẹ lè rìn láìbẹ̀rù fún yín. Kò sọ pé gbogbo ibi tó kù ló léwu.

* * *

Olùkà kan mú “actualizar” wá láti fi já mi ní koro. Ó ní “actualize” jẹ́ kí a sọ nǹkan di òtítọ́, “sọ di” wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni “Actualizar” tó ń jáde lójú fóònù òun kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òtítọ́.

Àríwísí tó dára ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí a wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. “Actual” ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun tó rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. “Actual” ní Sípéènì jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ohun tí fóònù yín ń bèèrè ni pé kí ẹ jẹ́ kí òun sọ ohun èlò náà di ti ìsinsìnyí, ìyẹn ni pé kí ẹ ṣe àmúdójúìwọ̀n rẹ̀. “Sọ di” kò yẹ̀; ohun tó tẹ̀lé “di” ló yàtọ̀ láàárín èdè méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àṣẹ ṣe rí. Ọ́fíìsì kan lè ní kí ẹ lọ “legalizar” ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí yín. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa máa ń bínú níbẹ̀, wọ́n rò pé wọ́n ń sọ fún àwọn pé ìwé àwọn kò bófin mu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí aláṣẹ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé náà kí ó lè ní agbára ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tó sì gba ìwé ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, “nacionalizarse” ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣe. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi “nationalize” sọ ìyẹn.

* * *

ÀWỌN TÍ GẸ̀Ẹ́SÌ KÒ NÍ

Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé Sípéènì ló ń tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Sípéènì ní tirẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, wọ́n sì pọ̀. Láti inú “tierra”, ìyẹn ilẹ̀, ni wọ́n ti ṣe “aterrizar”, tí ọkọ̀ òfuurufú ń ṣe nígbà tó bá balẹ̀. Láti inú “luna”, ìyẹn òṣùpá, ni wọ́n ti ṣe “alunizar”, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1969. “Garantizar” jẹ́ kí a ṣe onídùúró nǹkan, “suavizar” kí a sọ ọ́ di rírọ̀, “profundizar” kí a sọ ọ́ di jíjìn. “Izar” fúnra rẹ̀ tún jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí a fa àsíá sókè. Kò bá àfòmọ́ wa tan rárá, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Kúbà ni mo ti rí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní 1961, ìjọba Kúbà kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti ìlú ńlá, wọ́n sì rán wọn lọ sí oko àti orí òkè láti lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. “Alfabetizar” ni orúkọ iṣẹ́ yẹn, àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìwé kíkà lọ́dún náà sì lé ní 700,000 gẹ́gẹ́ bí ìjọba wọn ti kéde. “Alphabetize” ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju kí a to orúkọ ní A, B, D lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì ti sọ iṣẹ́ ńlá di iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì.

Láti Kúbà náà ni “esclavizar” ti kàn wá gan-an, kí a sọ èèyàn di ẹrú, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí kí òwò àti oko ẹrú tó dópin níbẹ̀ ní 1886. Wọ́n “bautizar” wọn, wọ́n fún wọn ní orúkọ ẹni mímọ́. Lónìí, àwọn ìwé wọn ń sọ pé “Changó se sincretiza con Santa Bárbara” àti “Yemayá se sincretiza con la Virgen de Regla”, ìyẹn ni pé Ṣàngó àti Yemọja para pọ̀ mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì wọ̀nyí. Gírámà gbólóhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. “Se” yẹn ló mú kó dà bíi pé Ṣàngó àti Santa Bárbara dìde fúnra wọn, wọ́n sì para pọ̀. Èmi kì í túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kọ pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi Santa Bárbara bo Ṣàngó mọ́lẹ̀, nítorí pé àwọn èèyàn ló ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe é lójú ìyà.

* * *

LÓRÍ FỌKANÁÍSÀ

Ẹnìkan béèrè bóyá àwọn fọkanáísà tí ń lẹ táyà lẹ́bàá títì nílé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa. Charles Goodyear gba ìwé-ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1844 lórí bí a ṣe ń fi imí-ọjọ́ àti iná sọ rọ́bà di ohun tó le tí ooru kì í tètè yọ́. Wọ́n fi orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, pe iṣẹ́ náà, wọ́n sì so “-ize” mọ́ ọn. Sípéènì ní “vulcanizar” pẹ̀lú. Bí ẹ bá gba ojú pópó kọjá ní Mẹ́síkò, ẹ ó rí “VULCANIZADORA” tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri, táyà àtijọ́ kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Ṣílè, “vulcanización” ni wọ́n ń kọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lẹ táyà ni méjèèjì. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè má mọ ẹni tí à ń pè ní fọkanáísà, ṣùgbọ́n ará Mẹ́síkò á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

* * *

LÓRÍ ÀWỌN TÓ GÙN JÙ

Ògbufọ̀ kan láàárín yín sọ pé àwọn olóòtú ní Sípéènì máa ń fagi lé “-izar” òun. Wọ́n tọ̀nà nígbà púpọ̀. “Concretar”, kí a sọ nǹkan di pàtó, ti wà kí “concretizar” tó dé, “culpar”, kí a dẹ́bi fún ẹnìkan, ti wà kí “culpabilizar” tó dé, kò sì sí ohun tí èyí tó gùn ń sọ tí kúkúrú kò sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. “Señalar” jẹ́ kí a nàka sí nǹkan, “señalizar” jẹ́ kí a ri àmì mọ́ ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí olóòtú bá fagi lé ìkejì yìí nínú ìwé nípa ọ̀nà mọ́tò, ẹ bá a jà á.

* * *

ÌBÉÈRÈ TÓ KẸ́YÌN

Ẹ ní ọ̀gá yín ní ibi iṣẹ́ fẹ́ kí ẹ túmọ̀ “prioritize”, “customize” àti “computerize” kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ti àkọ́kọ́ ni “priorizar”. Ẹ kíyè sí i pé ó kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ti ìkejì ni “personalizar”, nítorí pé Sípéènì ń sọ nǹkan di ti ẹni tó ni ín, kò lo gbòǹgbò “custom” yẹn níbí. Ti ìkẹta wà lọ́wọ́ ibi tí ìwé náà ń lọ: bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè Sípéènì, ẹ kọ “informatizar”, bó bá jẹ́ Látìn Amẹ́ríkà, ẹ kọ “computarizar”.